Ìyá Tí Abẹ́rẹ́ Ní Lédè Faransé

Ní ọjọ́ tí ilé ìwé pe àwọn òbí wá gbọ́ bí ọmọ wọn ṣe ń ṣe sí, alágbàfọ̀ fọ ọwọ́ rẹ̀ ní àfọ̀túnfọ̀ kí òórùn sítáàṣì lè kúrò níbẹ̀. Aṣọ tó wọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló lọ̀ ọ́. Ó dán débi pé bí eṣinṣin bá bà lé e, yíyọ̀ ni yóò yọ̀ ṣubú.

Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ yọjú síta.

“Ìyá Abẹ́rẹ́, ìyàwó ta lẹ fẹ́ lọ gbé?”

“Ilé ìwé ni mò ń lọ, jàre.”

“Ó dáa. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kàwé, kí ẹ sọ pé ojú ń dùn yín.”

Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín. Àwàdà yìí kì í dùn ún, nítorí ó ti di ìyá ọmọ kó tó mọ ìwé kà, télọ̀ yìí kan náà ló sì sìn ín dé kíláàsì àwọn àgbà ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, nígbà tí ìtìjú kò jẹ́ kó lè dá lọ. Télọ̀ náà ló sọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Abẹ́rẹ́, torí pé ó tín-ín-rín. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, ìyá rẹ̀ á ní, “Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe ohun tí adìẹ ń gbé mì.”

Ó dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ ìṣirò, ó dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ó wá gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá Faransé. Wọ́n lẹ àwòrán mọ́ ara ògiri: ilé, ibùsùn, ajá, bàálù, wọ́n sì kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ náà jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò tíì pẹ́ níbẹ̀. Bí alágbàfọ̀ ṣe dárúkọ ọmọ rẹ̀, ńṣe ló fò dìde.

“Háà! Ẹ̀yin ni dókítà eyín! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, mà. Ó ti pẹ́ tí eyín kan ti ń dà mí láàmú lẹ́yìn níbí.”

Alágbàfọ̀ rò pé ó ṣì òun mú fún ẹlòmíràn ni. Kó tó lanu, olùkọ́ ti mú fóònù rẹ̀ jáde.

“Mo gba ohùn gbogbo wọn sílẹ̀ nítorí ìdánwò ẹnu tó ń bọ̀. Ẹ gbọ́ ọmọ yín.”

Ohùn Abẹ́rẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣàn bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n ṣí tán pátápátá. Alágbàfọ̀ kò gbọ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ orí rẹ̀ wú. Àṣé ọmọ tí òun ń rán lọ ra ọṣẹ ló ní irú ẹnu báyìí!

“Kí ló ń wí, Tíṣà?”

Inú olùkọ́ dùn láti túmọ̀ rẹ̀. “Ó ní, ‘Ìyá mi jẹ́ dókítà eyín. Bàbá mi ń wa bàálù. A ní ajá kan àti ẹṣin méjì. Ní òpin ọ̀sẹ̀, gbogbo wa jọ máa ń lọ lúwẹ̀ẹ́.’”

Bàbá ọmọ náà ti wà nínú ilẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ náà kò tíì hu eyín. Ajá, wọn kò ní. Ẹṣin kan ṣoṣo tó wà nílé wọn ni èyí tí wọ́n yà sí ara páálí ọṣẹ. Ọ̀rọ̀ dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì. Ṣé òun ni yóò wá fi ẹnu ara rẹ̀ dójú ti ọmọ rẹ̀?

“Ẹ ṣeun, Tíṣà,” ló lè sọ. “Mo dúpẹ́.”

Lójú ọ̀nà, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ tí kò bi ara rẹ̀ rí. Kí ló dé tí kò sí ọmọ ilé ìwé Abẹ́rẹ́ kan tó tíì ya ṣọ́ọ̀bù òun? Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni ọmọ náà máa ń gbà wọlé? Nígbà tó ròyìn fún télọ̀, télọ̀ la ẹnu gbàǹgbà.

“Dókítà, ẹ bá mi wo ti ọ̀tún yìí.”

“Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀rín o.”

Télọ̀ pa ẹnu dé. “Ẹ bi í, Ìyá Abẹ́rẹ́. Abèèrè kì í ṣìnà.”

Abẹ́rẹ́ ti ilé ìwé dé, ó bọ́ bàtà, ó mú ike omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ́n omi sí àwọn aṣọ tí ìyá rẹ̀ fẹ́ lọ̀, bó ṣe máa ń ṣe.

“Abẹ́rẹ́, àwọn ẹṣin wa ńkọ́? Ṣé wọ́n ti jẹun?”

“Ẹṣin wo, Màmá?” Lẹ́yìn náà ló yé e. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. “Màdáámù ló sọ fún yín?”

“Wọ́n tún ní kí n bá wọn wo eyín wọn.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọ náà kó tó mọ̀. Ìyá rẹ̀ kò bá a rín in.

“Ta ló kọ́ ọ ní irọ́?”

“Màmá, kì í ṣe irọ́. Faransé ni.”

“Ẹn-ẹ́n! Irọ́ tó bá ti gbọ́ Faransé kì í ṣe irọ́ mọ́?”

“Gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá wà nínú ìwé là ń sọ. Dókítà wà níbẹ̀, adájọ́ wà níbẹ̀, ẹni tó ń wa bàálù wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó, bàtà ni ìyá rẹ̀ ń tà, ṣùgbọ́n tó bá di Faransé, adájọ́ ni wọ́n.”

“Alágbàfọ̀ ńkọ́?”

“Kò sí níbẹ̀.”

“Ikú ńkọ́? Ṣé àwọn ará inú ìwé yẹn kì í kú ni?”

Abẹ́rẹ́ gbé ike omi sílẹ̀.

“Ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn àdúgbò yìí ló mọ̀ pé Dádì ti kú, kò sẹ́ni tó ń bi mí nípa wọn mọ́. Inú Faransé nìkan ni wọ́n ti máa ń bi mí pé, ‘Kí ni bàbá rẹ ń ṣe?’ Ó máa ń wù mí kí n rí nǹkan sọ pé wọ́n ń ṣe.”

Alágbàfọ̀ tẹ orí ba, ó tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ ọrùn ẹ̀wù kan títí tó fi nà gbọọrọ.

“Ó dáa,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Jẹ́ kí wọ́n máa wa bàálù wọn.”

Lórí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ rọ̀. Lórí ti ara rẹ̀, kò rọ̀. Ọmọ náà ti fún ẹni tó kú ní ẹ̀mí; òun tó wà láàyè, ó fi ẹlòmíràn rọ́pò òun. Ó fẹ́ béèrè pé, “Ṣé ò ń tijú mi ni?” ṣùgbọ́n ẹ̀rù èsì rẹ̀ bà á, ó sì mú ẹ̀wù mìíràn.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó padà lọ bá olùkọ́ Faransé ní àkókò ìsinmi. Ó sọ òótọ́ gbogbo fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ ọmọ náà níyà. Olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Ẹ má bínú, mà. Ìdajì kíláàsì yẹn ló ní dókítà nílé, ìdajì tó kù ló ní adájọ́. Mi ò sì bi ara mi léèrè pé ta ló wá ń tún bàtà ṣe níbí, ta ló ń ta búrẹ́dì.” Ó sinmi ẹ̀rín. “Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ yín. Èmi ni mo fún wọn ní ilé onílé, tí mo ní kí wọ́n máa gbébẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé mo lè kó wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù yín? Kí wọ́n kọ́ orúkọ ohun tó wà níbẹ̀.”

Alágbàfọ̀ fẹ́ kọ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kan ló ti di ọwọ́ òun náà mú rí, tó fi kọ orúkọ ara rẹ̀ tán. Láti ọjọ́ yẹn, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ “rárá” fún olùkọ́.

“Ẹ kó wọn wá,” ló wí. “Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín. Ẹ má sọ fún wọn pé èmi ni ìyá rẹ̀. Bó bá wù ú láti sọ, òun ni kó sọ ọ́.”

Wọ́n wá lóòótọ́, odindi kíláàsì kan, wọ́n kún ṣọ́ọ̀bù, àwọn mìíràn dúró síta. Olùkọ́ ń fi ìka tọ́ka sí nǹkan, ó ń pè é lédè Faransé, wọ́n ń gbè é: omi, aṣọ, áyọ́ọ̀nù, ooru. Nígbà tó kan sítáàṣì, olùkọ́ dúró, ó wo inú fóònù rẹ̀. “Èmi náà kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀,” ló wí, ó sì pè é fún wọn. Télọ̀ ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló ń gbè é sókè jù, òun náà ló sì ń ṣì í pè jù, àwọn ọmọ sì ń kú fún ẹ̀rín.

Abẹ́rẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wà lẹ́yìn pátápátá, ó ń wo àwọn aṣọ tó so rọ̀ bí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀ rí i, ó sì mú ojú kúrò.

“Ó yá,” ni olùkọ́ wí, “ẹ fi Faransé bi wọ́n ní ìbéèrè. Màá túmọ̀.”

Ọmọkùnrin kan bi í bóyá ó fẹ́ràn láti máa lúwẹ̀ẹ́.

“Omi tí mò ń rí lójoojúmọ́ ti tó mi,” ni alágbàfọ̀ fèsì.

Òmíràn bèèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Olùkọ́ kọ̀ láti túmọ̀ ìyẹn. “Wọn kì í bi àgbà bẹ́ẹ̀!” Ìgbà náà ni ọmọbìnrin kan níwájú na ọwọ́, ó bèèrè ìbéèrè tó wà ní ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé wọn. Olùkọ́ wo ojú alágbàfọ̀ kó tó túmọ̀ rẹ̀.

“Ó ní... ṣé ẹ ní ọmọ?”

Alágbàfọ̀ kò wo ẹ̀yìn. Bí òun bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn á bèèrè pé níbo lọ́mọ náà wà. Bí òun bá ní rárá, ẹnu òun ni òun á fi sọ ara òun di àgàn. Ó rántí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ máa ń yọ èèyàn. Òun á ní aṣọ wọ̀nyí ni ọmọ òun.

“Ẹ sọ fún un pé...” ló bẹ̀rẹ̀.

Ohùn kan já a gbà láti ẹ̀yìn. Faransé ni, kò yára bí ti inú fóònù, ó ń kọsẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀, ó ń rí i. Gbogbo orí yí padà. Ọ̀rẹ́ tó ń bá Abẹ́rẹ́ jókòó la ẹnu sílẹ̀. Olùkọ́ ti kọjú sí àwọn aṣọ, kò túmọ̀ nǹkan kan.

Abẹ́rẹ́ fi èjìká wá ọ̀nà gba àárín wọn, ó yí tábìlì po, ó dúró ti ìyá rẹ̀.

“Kí lo wí?” ni ìyá rẹ̀ bèèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

“Mo ní, ‘Wọ́n ní ọmọ kan. Èmi ni. Lẹ́yìn ilé ìwé, èmi ni mò ń wọ́n omi sí aṣọ.’” Ó fi ọwọ́ nu imú. “Ẹ máà sunkún o, Màmá, wọ́n ń wò wá.”

“Ta ló ń sunkún? Ooru áyọ́ọ̀nù ni.”

Ọ̀rẹ́ Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ fọhùn. “Màdáámù, ẹni tó ń ta bàtà ńkọ́, kí ni wọ́n ń pè é?”

“Bàbá mi ń tún fíríìjì ṣe!”

“Ìyá mi ń wa bọ́ọ̀sì, Màdáámù! Ìyá mi!”

“Ọ̀kan-ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́!” Olùkọ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, ó ń wá inú fóònù.

“Ẹ fi ti télọ̀ ṣíwájú,” ni télọ̀ pariwo. “Èmi ni mo dàgbà jù nínú kíláàsì yìí!”

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, olùkọ́ dúpẹ́ títí. Alágbàfọ̀ kò jẹ́ kó parí rẹ̀.

“Èmi ló yẹ kí n dúpẹ́, Tíṣà. Ọmọ mi pè mí ní ìyá rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, ní èdè tí n kò gbọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ọlọ́run yóò bá mi san án fún yín.”

Wọ́n tò síta sí òpópónà, ariwo wọn ń lọ níwájú wọn. Alágbàfọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí Abẹ́rẹ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń yí padà, ó ń fi ìka tọ́ka sí ṣọ́ọ̀bù fún àwọn tó dúró síta, tí wọn kò ráyè gbọ́. Ó juwọ́ sí i. Ọmọ náà sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó juwọ́ padà.