Èdè Tí Ìwé Ní Ó Ti Kú

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tan ẹ̀rọ yẹn!"

Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé yíjú padà. Olójú-Àwòdì ló ń pè é, obìnrin tó máa ń ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Àṣìṣe tó máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò tíì bí i.

"Kí ló tún dé?"

"Orí kẹsàn-án ni, sà. Bàbá Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ọ́ pé èdè àwọn amọ̀kòkò ẹ̀bá odò ti kú, pé kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́. Ìyá ìyá mi ń sọ ọ́. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ti kọ ìwé mọ́kànlá lórí èdè, ìwọ lo fẹ́ kọ́ ọ? Ọ̀la ni àwọn òǹtàwé ń bọ̀ wá kó ìwé yìí. Tí iṣẹ́ yìí bá fi bà jẹ́, kó o yáa wá iṣẹ́ míì lọ."

Háà! Ta ló bọ̀wọ̀ fún Bàbá tó Olójú-Àwòdì? Ìwé rẹ̀ ló kà nígbà tó wà ní girama tó fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ní ìran, ó sì ní ìrìnàjò. Bí ẹni ń tàkúrọ̀sọ lójúde ni Bàbá ṣe máa ń kọ ọ́. Aránṣọ á kà á, á yé e, olùkọ́ á kà á, á gbádùn rẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá ka alààyè mọ́ òkú, kí òun sì dákẹ́? Ó bá gbé fóònù, ó pe Bàbá.

Ó rò ó fún un. Bàbá ní, "Ilé rẹ dà?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ lọ, ọ̀gá ń kùn bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n bá ìyá àgbà níwájú ilé, ó ń ká aṣọ gbígbẹ.

"Màmá, wọ́n ní gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ èdè yín ti kú tán o," Olójú-Àwòdì wí.

"Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ," ìyá àgbà dáhùn.

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní òun lòun sọ ọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi èdè náà kí i. Inú ìwé àtijọ́ ló ti kọ́ ọ, kò gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn rí, ahọ́n rẹ̀ sì ń kọsẹ̀. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí aṣọ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tó yá, ẹ̀rín náà di ẹkún.

"Àbúrò mi ló kí mi báyìí kẹ́yìn," ó ní. "Ọdún méjìlá rèé tó ti lọ."

Bàbá yíjú sí ọ̀gá. "Ẹ yọ orí kẹsàn-án kúrò. Mo ṣìnà. Màá tún un kọ."

"Sà, ọ̀la ni wọ́n..."

"Wọn á dúró."

Ó yẹ kí inú Olójú-Àwòdì dùn, àmọ́ ojú ló ń tì í. Ọdún méjìlá ni òun àti Màmá ti jọ ń gbé. Ó máa ń gbọ́ tó ń dá sọ èdè náà nídìí abọ́ tó ń fọ̀, kò sì bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ló ń wí.

Ó fa àpótí kan, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ kí èmi náà," ó ní. "Kẹ́ ẹ sì kọ́ mi bí mo ṣe máa dá yín lóhùn."