Pèrègún Ọjọ́ Sátidé

Jos ni wọ́n bí Rhoda sí, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Nígbà tí iṣẹ́ tíṣà gbé e wá sí Ìlobù lọ́dún 1972, kò mọ ẹnì kankan àfi Morónkẹ́, ìyàwó onílé rẹ̀. Gbogbo Sátidé ni Morónkẹ́ ń mú un ṣeré gba ọ̀nà Ìfọ́n lọ sóko ọkọ rẹ̀. Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Àbọ̀kẹ́, tí oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà, a sì máa bó ọsàn fún wọn nínú ahéré rẹ̀.

Ní Sátidé kan tí Àbọ̀kẹ́ kò wá sóko, Morónkẹ́ gbé agbọ̀n kalẹ̀ lẹ́yìn ahéré náà. "Tíṣà, òdòdó mẹ́rin rèé. Ẹ fọwọ́ ara yín gbìn wọ́n, kí ẹ lè ní nǹkan nílùú wa." Orí Rhoda wú. Ó gbin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tún bomi rin wọ́n.

Nígbà tí wọ́n fi rúwé gbọọrọ, ẹbí ọkọ Morónkẹ́ ní ibẹ̀ ni ilẹ̀ àwọn dé. Àbọ̀kẹ́ gbé ẹjọ́ lọ bá àwọn àgbà. "Ta ló gbin pèrègún sẹ́yìn ahéré mi? Ta ló pààlà tuntun fún mi?"

Ìgbà yẹn ni Rhoda tó mọ̀ pé kì í ṣe òdòdó lòun gbìn, ààlà oko ni. Ó yíjú sí Morónkẹ́. Ìyẹn ti kúnlẹ̀, ó ti fi ahọ́n kan ọ̀bẹ Ògún tí àwọn àgbà gbé kalẹ̀ fún ìbúra. "Bó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló gbìn ín, kí Ògún pa mí."

Ògún ò sì ní pa á, nítorí òótọ́ ló sọ. Ohun tí gbogbo eré Sátidé wà fún nìyẹn.

Àwọn àgbà gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n nà án sí Rhoda. "Tíṣà, ó kàn yín."