Ogójì Ìṣẹ́jú Láìfọhùn

Ẹnu Ìyá Olùkọ́ kì í dilẹ̀. Ọdún márùnlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ níwèé, ìgbà tó sì fẹ̀yìn tì, ọkọ rẹ̀ nìkan ló kù ní kíláàsì. Káfíńtà lọkọ ọ̀hún. Bó bá ti kí èèyàn káàárọ̀, ó dàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Awọ kan ló hù sínú ẹyinjú ọ̀tún ìyá, lápá ẹ̀yìn, tí gbogbo ìlà ìwé fi ń wọ́ lójú rẹ̀. Dókítà, obìnrin tí ìyá lè bí lọ́mọ, fi apá ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí yóò fi ká awọ náà kúrò hàn wọ́n.

"Èmi ni màá máa darí ẹ̀ látorí àga yìí, mà. Bó ti wù kọ́wọ́ èèyàn balẹ̀ tó, ó ń gbọ̀n díẹ̀, awọ yìí sì fẹ́lẹ́ ju ti àlùbọ́sà lọ. Ẹ̀rọ á bá mi mú gbígbọ̀n yẹn kúrò. Àmọ́ ẹ ò ní sùn o, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Tórí yín bá mì, ẹ̀rọ á dúró ni."

"Ogójì kẹ̀? Ẹ kúkú kùn mí lóorun."

Ṣùgbọ́n ojú lọba ara. Ìyá gbà, bí ọkọ òun bá lè jókòó ti òun.

Bí iṣẹ́ abẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ dúró lẹ́ẹ̀kínní: ìyá ń bi dókítà bóyá ó ti jẹun. Ó dúró lẹ́ẹ̀kejì: ó ní yàrá tutù.

Dókítà mí kanlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè máa gbọ́."

Òógùn bo káfíńtà. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

"Olùkọ́, tábìlì tí mo kọ́kọ́ kàn fún kíláàsì rẹ, tẹ́sẹ̀ ẹ̀ kan kúrú... mo mọ̀ọ́mọ̀ gé e ni. Mo mọ̀ pé wàá ránṣẹ́ pè mí padà."

Ìka ìyá fún tirẹ̀ pinpin. Ẹnu rẹ̀ ò mì.

"Bó o bá ń sọ̀rọ̀ nínú ilé, mo máa ń gbé ayùn sílẹ̀ kí n lè gbọ́. Ilé tó pa lọ́lọ́ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà."

Ẹ̀rọ ò dúró mọ́. Apá rẹ̀ ń lọ bí ẹni tí kò lọ, títí tó fi ká awọ náà kúrò. Dókítà ní ó ti parí. Bàbá ò gbọ́, ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ìlà ìwé tọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá a máa ka ìwé ìròyìn sí ọkọ rẹ̀ létí. Bó bá ka ojú ìwé kan tán, á dákẹ́. Káfíńtà á wúkọ́ díẹ̀, á wá sọ ohun tóun rò sí i.