Ọmọ Tí Kò Sunkún

Ọmọ mi àkọ́kọ́ kú ní ọjọ́ keje, nígbà tó ku ọjọ́ kan ká sọ ọ́ lórúkọ. Kò sunkún. Ó kàn dákẹ́, ó tutù, kò mu ọyàn mọ́. Ìyá ọkọ mi, Màmá Ajíbádé, ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Mo gbà á gbọ́.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn kò kúrò nínú ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́. Bí mo bá ń gbálẹ̀, ó wà lẹ́yìn mi. Bí ẹ̀rọ ìlọta ojúde wa bá dáwọ́ dúró, òun ni mo máa ń gbọ́.

Ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni mo bí èkejì, ọkùnrin. Ó sunkún dáadáa fún ọjọ́ mẹ́rin. Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, kò sunkún.

Mo fi ọmú sí i lẹ́nu, kò fà á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Ó ń mí lemọ́lemọ́ bí ẹni tó sáré. Mo tú aṣọ rẹ̀: gbogbo ẹ̀gbẹ́ ìdodo rẹ̀ ti pọ́n.

"Màmá, mo ń gbé e lọ sí ọsibítù."

Màmá ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè. "A kì í gbé ọmọ tí kò lórúkọ jáde nínú ulé. Kí ni wọn yóò kọ sí káàdì rẹ̀, Lágbájá?"

"Kí wọ́n kọ Lágbájá."

"Ọjọ́ mẹ́ta ló kù, Comfort. Mo ti ra oyin."

"Ẹ ra oyin nígbà yẹn náà, Màmá."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ó na ìborùn rẹ̀ sí mi. "Fi bo orí rẹ̀."

Mo gun ọ̀kadà. Ọlọ́kadà ń ráhùn pé epo wọ́n. Èémí ọmọ ni mo ń fetí sí.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí n jókòó ti àwọn tó wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìyá kan wo ọmọ mi, ó rẹ́rìn-ín. "Tìrẹ mà níwà o. Kò pariwo bíi tèmi."

Mo dìde, mo wọlé tọ Nọ́ọ̀sì Olúfúnkẹ́ lọ láìkanlẹ̀kùn.

"Ẹ̀yin ìyá yìí, mo ti pè yín ni?"

"Kò sunkún, kò sì mu ọyàn láti àárọ̀. Èkejì rèé."

Ó fọwọ́ kan àyà ọmọ, ó wo ìdodo rẹ̀, ó sì gbé búrẹ́dì tó ń jẹ sílẹ̀. "Ó jọ pé àìsàn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọsibítù Adó lẹ ń lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dé Adó láìgba abẹ́rẹ́."

Ó gún un ní itan. Ọmọ kò mira. Ó gún itan kejì. Ọmọ la ẹnu, ohùn kékeré kan jáde, bíi ti ológbò tí wọ́n há mọ́ yàrá.

"Ó ṣì wà," ni nọ́ọ̀sì wí. Ó kọ "Ọmọ Comfort" sórí ìwé, ó sì tì wá sínú takisí.

Adó la wà ní ọjọ́ kẹjọ. Màmá gbé oyin wá. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ, ló bá fi kan ètè mi.

"Olúwafẹ́mi," ó wí. Ó fọwọ́ kan orí ọmọ. "Tóbilọ́ba."

Èkíní kì í ṣe ti ọmọ tó wà lọ́wọ́ mi. Àwa méjèèjì mọ̀.

Tóbilọ́ba ti ń rìn báyìí, ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí ará ilé sinmi. Síbẹ̀, bó bá sùn lọ́sàn-án tí ẹ̀rọ ìlọta dákẹ́, mo máa ń fà á létí títí yóò fi sunkún.