Wòlíì Tó Wà Lára Ilẹ̀kùn Kejìlá

"Gàdàgbà, ọrùn Ó yẹn wọ́."

"Ó kì í lọ́rùn, sà," ni Gàdàgbà dáhùn láti orí àkàbà, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ẹ sún sápá ọ̀tún díẹ̀, kí ọ̀dà má baà kán sí yín láṣọ."

Alága ìjọ sún. Ó ti awò ojú rẹ̀ sókè orí, ó tún fà á sọ̀ kalẹ̀, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn kọkànlá tí Gàdàgbà ń kọ NÓÀ sí. "Síbẹ̀, ó wọ́."

Gàdàgbà kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ obìnrin náà nígbà tí wọ́n bí i. Lẹ́tà gàdàgbà tó ń kọ sára ṣọ́ọ̀bù àti ọkọ̀ akẹ́rù ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kéré débi pé bó bá dúró sẹ́yìn garawa ọ̀dà méjì tí wọ́n gbé léra, ohùn nìkan lẹ ó máa gbọ́.

Ìjọ kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tuntun fún kíláàsì ọjọ́ Ìsinmi, yàrá méjìlá, wọ́n sì fẹ́ yà á sí mímọ́ lọ́jọ́ kejì ní aago mẹ́wàá. Orúkọ ẹni ńlá inú Bíbélì ni yóò wà lára ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Alága nìkan ló jókòó kọ orúkọ náà. Mósè, Dáfídì, Jóṣúà, Gídíónì, irùngbọ̀n tẹ̀lé irùngbọ̀n títí dé ìsàlẹ̀ ìwé.

Ìyá Gàdàgbà ti bá a sọ ọ́ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ìyá Kíláàsì ni gbogbo ìjọ ń pè é, torí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń kọ́ àwọn ọmọdé. Ó ní bí Dèbórà tàbí Ẹ́sítérì bá lè wà lára ilẹ̀kùn kan péré, inú òun á dùn.

"Ìyá Kíláàsì," ni Alága wí nígbà náà, "àwọn tó ṣiṣẹ́ ńlá là ń wò. Ẹ jẹ́ kí àwọn obìnrin wà lára ife tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ń tà."

Ìyá kò jiyàn. Ó délé, ó yọ kọ́kọ́rọ́ kíláàsì nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, ó gbé àlùmọ́gàjí tó fi ń gé bébà fún àwọn ọmọ tì í. "Lọ́jọ́ ìyàsímímọ́ ni màá dá a padà fún wọn," ló wí, ó sì lọ sùn ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Láti ọjọ́ náà, kò gé bébà mọ́. Obìnrin tó máa ń jí ṣáájú gbogbo àdúgbò wá ń sùn títí oòrùn fi ń wọlé bá a lórí ibùsùn. Ìyẹn ló ń já Gàdàgbà láyà.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àkàbà lọ síwájú ilẹ̀kùn kejìlá. Yàrá tó tóbi jù nìyẹn, fèrèsé mẹ́rin, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá bíi ti etí òkun.

Alága rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ́fíìsì tèmi nìyí. Kọ WÒLÍÌ HÚLÍDÀ."

Ọwọ́ Gàdàgbà dúró lára búrọ́ọ̀ṣì. "Húlídà?"

"Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n. Orí rédíò ni mo ti gbọ́ ọ, mo ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́, díẹ̀ ló kù kí n gé ara mi. Àwọn àlùfáà rí ìwé òfin nínú tẹ́ḿpìlì, ọba Jòsáyà gbọ́ ọ, ó fa aṣọ ya. Wọ́n ní ta ló máa sọ bóyá òótọ́ ni? Gbogbo wọn gbéra, àlùfáà, akọ̀wé, wọ́n lọ bá bàbá yẹn nílé. Ó sọ̀rọ̀, ọba fara balẹ̀ gbọ́. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí mo ti ń sọ fún ìyàwó mi pé èmi ni Húlídà ìjọ yìí. Apá òsì ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ o, bíi ti àdírẹ́sì lára àpòòwé."

Ọ̀gá ilé-ìfìwéránṣẹ́ ni kó tó fẹ̀yìntì. Ojú àpòòwé ló fi ń wo gbogbo ayé.

Gàdàgbà kọ ọ́ bó ṣe ní kó kọ ọ́, WÒLÍÌ lókè, HÚLÍDÀ nísàlẹ̀, àyè gbalasa lápá ọ̀tún. Ọ̀dà pupa tí yóò fi kọ Ọ́FÍÌSÌ ALÁGA sábẹ́ rẹ̀ ti tán, wọ́n sún un di òwúrọ̀.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ ń wo tẹlifíṣọ̀n tí wọn ò tàn.

"Kí ni wọ́n kọ sí ìkẹyìn?" ni ìyá bi í.

"Húlídà, mà. Alága ní orúkọ ọ́fíìsì òun nìyẹn. Orí rédíò ló ti gbọ́ ọ, ó ní bàbá tí ọba ránṣẹ́ sí ni."

Ìyá yíjú sí i. "Ó ní kí ni?"

"Bàbá."

Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ láti èjìká. Ó sọ̀kalẹ̀ wá sí ikùn, ó dé orúnkún, ìyá sì di apá àga mú kó má baà ṣubú. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko rèé tí Gàdàgbà ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Ìyá nu ojú, ó ṣí Bíbélì, ó fi ìka lé ibẹ̀. Obìnrin ni Húlídà, aya olùtọ́jú aṣọ.

"Ẹ wá rí i! Ẹni tó sọ ọ́ lórí rédíò ń sọ pé ó wí, ó ní, ó fèsì," ni ìyá wí. "Ta ni yóò ti inú 'ó' mọ̀ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin? Jeremáyà wà láyé nígbà yẹn o. Wọn ò lọ bá a. Ọ̀dọ̀ obìnrin yìí ni wọ́n lọ."

Inú Gàdàgbà ti dùn kọjá ààlà. "Ó parí nìyẹn, mà. Orúkọ obìnrin ti wà lára ilẹ̀kùn, ọ̀dà ti gbẹ. Ẹ jẹ́ ká dákẹ́. Lọ́la, tó bá dúró níwájú ìjọ tó ń pe ara rẹ̀ ní Húlídà, ẹ ó rí eré."

Ìyá pa Bíbélì dé. "Orúkọ tí wọn ò mọ̀ pé ti obìnrin ni, kò tíì sí lára ilẹ̀kùn kankan. Lọ sọ fún un."

"Ó máa pa á rẹ́."

"Kó pa á rẹ́. Àmọ́ kó mọ ẹni tó pa rẹ́."

Gàdàgbà kò sùn dáadáa. Bó bá dákẹ́, eré ńlá ni. Bó bá sọ̀rọ̀, Húlídà á lọ, kọ́kọ́rọ́ á lọ, ìyá rẹ̀ á sì máa sùn lọ. Ní aago méje òwúrọ̀, ó gbé Bíbélì ìyá rẹ̀ sínú àpò búrọ́ọ̀ṣì.

Ó bá Alága níwájú ilẹ̀kùn kejìlá, ìwé ọ̀rọ̀ ìkíni lọ́wọ́. "Ṣé ọ̀dà pupa ti dé?"

"Ó ti dé, sà. Húlídà kì í ṣe bàbá."

"Kò bímọ ni?"

"Obìnrin ni, sà."

Alága rẹ́rìn-ín, ó dúró kí Gàdàgbà náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyẹn kò rẹ́rìn-ín, ó gba Bíbélì, ó fi ìka tọ ìlà, ó kà á, ó tún un kà. Ó yí i padà wo èèpo ẹ̀yìn, bóyá Bíbélì ìjọ mìíràn ni. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí garawa ọ̀dà. Ọlọ́run yọ ọ́, ìdérí wà lórí rẹ̀.

"Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka àdírẹ́sì."

"Ẹ ka àdírẹ́sì, sà. Ẹ ò tú lẹ́tà." Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Alága kò bínú. "Ta ló tún mọ̀?"

"Ìyá mi."

Alága dijú. "Gbogbo ìjọ ti gbọ́ nìyẹn."

"Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, sà. Òun ló rán mi. Ó ní kí n wá sọ fún yín."

Alága ṣí ojú kan, lẹ́yìn náà ó ṣí èkejì. Ó tọ́ka sí ilẹ̀kùn. "Pa á rẹ́. Kọ JEREMÁYÀ."

Gàdàgbà ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà funfun. Ó gun àkàbà. Ó gbé ọwọ́ dé orí W, ọwọ́ náà wúwo bí ẹni gbé bíríkì. "Jeremáyà wà láyé nígbà yẹn, sà," ló wí fún ilẹ̀kùn. "Wọn ò lọ bá a."

"Wọ́n mọ̀ pé obìnrin ni?"

"Wọ́n dé ilé rẹ̀, sà."

Ẹyẹ kan ń dún lórí òrùlé. Ọ̀dà funfun kán sílẹ̀, ó tún kán.

"Sọ búrọ́ọ̀ṣì yẹn kalẹ̀," ni Alága wí. "Lẹ́tà mélòó ló wà nínú OBÌNRIN?"

"Méje."

"Àyè apá ọ̀tún yẹn á gbà á?"

"Á gbà á, sà."

"Kọ ọ́ síbẹ̀."

Ó kọ ọ́. Ó sáré kọ N tó kẹ́yìn kí Alága má baà yí ọkàn padà. "Kí n wá kọ Ọ́FÍÌSÌ ALÁGA sábẹ́ rẹ̀?"

Alága wọ inú yàrá náà, ó wo fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń kí wọn pé ó dàbọ̀. "Yàrá wo la fún ìyá ẹ?"

"Jónà, sà. Èyí tó kéré jù."

"Kọ KÍLÁÀSÌ ÀWỌN ỌMỌDÉ síbí. Èmi á lọ sí Jónà."

"Tábìlì kan ló máa gbà, sà."

"Inú ẹja ni Jónà gbé," ni Alága wí. "Mo máa mú un mọ́ra."

Ní aago mẹ́sàn-án, Ìyá Kíláàsì wọlé, ó wé kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ sínú áńkáṣíìfù. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn kejìlá, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Alága ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ó ru àga sórí.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Kíláàsì."

"Ẹ káàárọ̀, Alága. Mo mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Alága sọ àga kalẹ̀, ó gba èyí tó mú wá, ó fi tuntun sí i lọ́wọ́, ó tún gbé àga rẹ̀, ó kọjá lọ sínú Jónà. Wọ́n gbọ́ tí ẹsẹ̀ àga ń ha ògiri.

Ìyá yí kọ́kọ́rọ́ náà wò. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ka fèrèsé, ó jáde padà.

"N tó kẹ́yìn yẹn wọ́," ló wí fún ọmọ rẹ̀.

"Mo mọ̀, mà."

"Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Tètè sáré lọ sílé, kí o bá mi mú àlùmọ́gàjí mi wá."