Lẹ́ńsì Awòkè àti Irin Kọkànlélọ́gbọ̀n

Ẹni tó bá ra nǹkan tuntun, ẹ má fún un nímọ̀ràn lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fi yangàn tán. Ohun tí àwọn ará ibi iṣẹ́ Awòkè ṣe nìyẹn nígbà tó yọ lẹ́ńsì kékeré kan lápò, tó gán an mọ́ ẹ̀yìn fóònù rẹ̀, tó ní kí wọ́n wá wo ẹyẹ tó wà lórí òrùlé ilé kejì. Lẹ́ńsì ọ̀hún kò gùn ju àtàǹpàkò lọ. Wọ́n wo ẹyẹ, wọ́n rí ìyẹ́ apá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n mi orí, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Awòkè kọ́ ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ o. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ wọn ló ń tún àwọn òpó iná gíga ṣe, irú èyí tó máa ń wà létí pápá bọ́ọ̀lù. Àwọn kan ń gùn, àwọn kan dúró nílẹ̀ wọ́n ń wo òkè. Ọdún mọ́kànlá lòun ti ń wò ó, débi pé ọrùn rẹ̀ fẹ́ẹ̀ gbàgbé bí wọ́n ṣe ń wo ilẹ̀. Ẹni tó ń gùn fún un ni àbúrò ìyàwó rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tí kò tíì níyàwó. Ìjímèrè ni gbogbo wọn ń pè é, nítorí bó bá ti ń gun òpó, ìrù nìkan ló kù tí kò ní.

Iṣẹ́ náà ní òfin kan tẹ́nikẹ́ni kì í fi ṣeré. Ogójì irin ìtẹ̀sẹ̀ ni wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ òpó kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ dókè. Ẹni tó ń gùn kò lè rí ìdí irin tó wà lókè orí rẹ̀ dáadáa, ẹni tó wà nílẹ̀ ló ń bá a rí i. Awòkè á gbé awò olójú méjì tí iléeṣẹ́ fún wọn sójú, á wo ìdí irin kan bóyá nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà, á sì ké e sókè pé, “Ẹẹ́ẹ̀dógún, ó wà.” Ìjímèrè á dáhùn pé òun gbọ́, á fi ìkọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ kọ́ irin náà, á wá gùn ún. Èyí tí wọn kò bá pè, kò ní fọwọ́ kàn án. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti jọ ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì ní àkọsílẹ̀ jàǹbá kan.

Ṣùgbọ́n awò yẹn wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Bó bá fi máa di ọ̀sán, okùn rẹ̀ á ti ha ọrùn ẹni. Lẹ́ńsì tuntun kò wúwo, àpò ṣẹ́ẹ̀tì ló ń gbé. Níbi eré ìje iléèwé, Awòkè jókòó sẹ́yìn pátápátá nínú oòrùn, ó fi ya ọmọbìnrin rẹ̀ bó ti ń já okùn òpin, òógùn iwájú orí ọmọ náà hàn ketekete. Ta ló wá ní kó má gbéra ga? Ìjímèrè nìkan ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti ra ojú kẹta, kí àwọn aládùúgbò yáa lọ ra aṣọ fèrèsé tó nípọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀rọ̀ náà dun Awòkè ju bó ṣe yẹ kó dùn ún lọ, ló bá búra níwájú awakọ̀ wọn pé òun ò ní gbé ẹrù awò yẹn kọ́rùn mọ́ láé.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀, oòrùn ràn dáadáa láàárọ̀. Nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan hàn lójú fóònù bí eyín ọmọdé. Awòkè ń pè, Ìjímèrè ń gùn, títí tó fi dé orí pẹpẹ irin tó wà níbi irin kẹrìnlélógún, níbi tí àwọn agùnpó ti máa ń sinmi. Ó mu omi níbẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n pe ọgbọ̀n tán ni ìkùukùu bo oòrùn.

Ìdí irin kọkànlélọ́gbọ̀n hàn, ṣùgbọ́n ó ṣe bàìbàì, bí ohun tí wọ́n fi ìka tútù nù. Nǹkan róbótó kan wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ nọ́ọ̀tì. Ó lè jẹ́ àpá ibi tí nọ́ọ̀tì ti wà rí. Awòkè tẹ fóònù, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó ní òun á tún un wò bó bá yá. Awò olójú méjì wà lórí àga ọkọ̀ akẹ́rù wọn, kò tó ogún ìṣísẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n awakọ̀ fara ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ yẹn gan-an, ó ń wò ó. Bó bá lọ mú un, ó ti pọ́n ìbúra rẹ̀ lá nìyẹn, tí ìrọ̀lẹ́ bá sì lẹ́, gbogbo ibi iṣẹ́ á ti gbọ́. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Awòkè sá fún ẹ̀sín, kò dúró bi ara rẹ̀ pé ikú ta ni.

“Ọ̀kànlélọ́gbọ̀n,” ó ní, “ó wà.”

Ìjímèrè ní òun gbọ́. Ó fi ìkọ́ kọ́ irin náà, ó tú ti ìsàlẹ̀, ó fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn. Irin náà yọ jáde lára òpó wọ́ọ́rọ́wọ́, tòun ti ìkọ́, tòun ti ènìyàn. Pẹpẹ ló gbà á, nítorí náà ló fi wà láàyè, àmọ́ ìbàdí rẹ̀ fọ́, orúnkún rẹ̀ kan sì yí sẹ́yìn. Awòkè ló gun òpó lọ bá a láìsí bẹ́líìtì, òun ọkùnrin tí kò gun òpó láti ọdún mọ́kànlá. Ó gbé orí rẹ̀ lé itan títí àwọn panápaná fi gbé àkàsọ̀ gígùn wọn dé.

Ẹ wá wo ayé. Gígùn tó gùn yẹn ló sọ ọ́ di ẹni àpọ́nlé. Ní ibi iṣẹ́, wọ́n ní irú àna báyìí ṣọ̀wọ́n. Ní ilé, ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ pé òun ló pọ̀n àbúrò rẹ̀ yẹn dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, kúnlẹ̀ sí iwájú rẹ̀ ní kọ́rídọ̀ ilé ìwòsàn, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń sunkún ọpẹ́. Awòkè ń gbé e dìde, ojú ń tì í débi pé kò lè wo orí obìnrin náà. Láti ọjọ́ náà, ó ń yọ fóònù jáde lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́, ó ń wo fọ́tò ìdí irin yẹn, bóyá nǹkan róbótó náà á jọ nọ́ọ̀tì lónìí. Kò jọ nọ́ọ̀tì rí.

Ọjọ́ Àìkú kejì ló tó mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó dá wà ní yàrá, ilẹ̀ ti ń ṣú bọ̀, ó gán lẹ́ńsì mọ́ fóònù, ó kọjú rẹ̀ sí táńkì omi tó wà lórí òrùlé ilé òdìkejì. Táńkì hàn. Ó wá fi àtàǹpàkò dí ẹnu lẹ́ńsì. Táńkì ò kúrò. Ó tẹ àtàǹpàkò náà mọ́ ọn títí ó fi ń dùn ún, síbẹ̀ táńkì jókòó sójú fóònù. Ojú mẹ́ta ló wà lẹ́yìn fóònù ọ̀hún, ọ̀kan ni lẹ́ńsì ń bò. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti dín, fóònù á pa ojú tí lẹ́ńsì bò tì, á lọ fi ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wò, á fa ìwọ̀nba tó rí gùn, á sì fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ dí ibi tí kò rí. Kò ní sọ fún olówó rẹ̀.

Ó yẹ kí ara tu Awòkè pé fóònù ló ṣẹ̀. Ara ò tù ú. Fóònù ò mọ̀ pé ènìyàn wà lórí òpó, òun mọ̀. Fóònù ò sì ké pé ó wà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, awakọ̀ wá bá a, ó ní ọmọ òun ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún iléèwé, ṣé irú lẹ́ńsì yẹn tó ohun téèyàn ń rà. Awòkè ní ó dáa. Irọ́ kọ́. Fún ọmọ tó ń sáré nínú oòrùn, ó dáa. Ìdajì tó kù nínú ìdáhùn náà ni kò lè sọ, nítorí bó bá ti la ẹnu sí i, gbogbo rẹ̀ ni yóò tú síta. Awakọ̀ dúpẹ́, ó ní òun á rà á lópin oṣù. Awòkè wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi wá kan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ kan ló délé tó bá ìyàwó rẹ̀ lórí àga pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Obìnrin náà ní ọ̀gá iléeṣẹ́ wọn ránṣẹ́ pè òun. Wọ́n ti parí ìwádìí, ìwé àyẹ̀wò tí Awòkè fọwọ́ sí sọ pé gbogbo nọ́ọ̀tì pé. Àbúrò òun fúnra rẹ̀ sì ti fọwọ́ síwèé lórí bẹ́ẹ̀dì pé eré lòun ń ṣe, pé òun fi ọwọ́ kan ṣoṣo rọ̀ mọ́ irin náà, òun ń jùlọ́ síwá sẹ́yìn kí àwọn tó wà nílẹ̀ lè rí òun. Nítorí náà wọ́n ti dá a dúró, iléeṣẹ́ ò sì ní tọ́jú ẹsẹ̀ náà mọ́ tí ọ̀sẹ̀ yìí bá parí. Ó ní àwọn dókítà sọ pé iṣẹ́ abẹ kan ṣì kù, láìsí i kò ní lè dá rìn. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó bi í pé ṣé lóòótọ́ ló ń jùlọ́.

Awòkè ní òun ò rí i kó jùlọ́. Ó wọ yàrá lọ. Aṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà, ohun tó sì pa mọ́ yìí ti fẹ́ jẹ ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ tán. Ó mú bébà, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti orí lẹ́ńsì dé orí ìbúra dé orí awò tó wà lórí àga ọkọ̀, ó fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ kejì, kó tó gbé e lọ fún ọ̀gá, ó pinnu pé òun á kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹni tó ṣubú gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Ìyàwó rẹ̀ gbé abọ́ oúnjẹ, ó ní àwọn á jọ lọ.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ ní kó máa lọ ṣáájú. Ìjímèrè ti rù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè nínú okùn, ó ní àbí ẹ̀gbọ́n òun ò rí i pé òun ṣì ń gùn. Awòkè ò lè rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ka bébà náà sí i létí láìgbé ojú sókè, ó kà á dé ìparí.

“Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀,” ni Ìjímèrè wí.

Awòkè bi í pé kí ló mọ̀.

“Mo mọ̀ pé kò dá yín lójú. Gbogbo irin tó kù, bẹ́ ẹ bá ti wò ó lẹ ń pè é. Èyí, ẹ dákẹ́. Mo gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe dákẹ́.”

“Kí ló wá dé tó o fi gùn ún?”

Ìjímèrè wo àjà. “Mo fẹ́ ní kẹ́ ẹ tún un wò. Mo wá rántí yẹ̀yẹ́ tí mo fi yín ṣe, bójú yín ṣe korò lọ́jọ́ yẹn. Mo ní tí mo bá tún sọ̀rọ̀ níwájú awakọ̀, á dà bí ẹni pé mò ń fojú àna mi gbolẹ̀. Mo bá gùn ún.”

Ọ̀rọ̀ náà gún Awòkè ju irin lọ. Ó bi í nípa ìwé tó fọwọ́ sí. Ìjímèrè ní òun rò ó pé ó sàn kí wọ́n lé òun nìkan ju kí wọ́n lé àwọn méjèèjì, ẹsẹ̀ òun ò kúkú ní gun òpó mọ́, òun ò sì ní ọmọ nílé. Ó ní kó fa bébà náà ya. Awòkè ní rárá. Nígbà náà ni Ìjímèrè di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní bó bá jẹ́ pé dandan ni kó sọ fún ọ̀gá, kó sọ, ṣùgbọ́n kó má sọ fún ẹ̀gbọ́n òun obìnrin.

Awòkè jáde. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kọ́rídọ̀, abọ́ oúnjẹ lórí itan rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó rí i. Awòkè jókòó tì í, ó fi bébà náà lé e lọ́wọ́. Obìnrin náà kà á jẹ́jẹ́, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó wá bi í pé ṣé àbúrò òun ti mọ̀. Awòkè ní ó ti mọ̀ láti orí òpó, ó sì sọ ìdí tó fi gùn ún fún un, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀.

Obìnrin náà ká bébà náà bó ṣe wà, ó dá a padà fún un, ó gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀, ó wọlé tọ àbúrò rẹ̀ lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn. Awòkè dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bóyá wọ́n á pe òun. Nígbà tí wọn ò pè é, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì mú ọ̀nà iléeṣẹ́ pọ̀n.