Okùn Tí Kò Gba Méje

Nígbà yẹn, Jacob ṣì wà láyé. Ọládiípọ̀ àbúrò rẹ̀ náà ṣì ń bẹ, ó ń fi ọ̀kadà ná ọ̀nà Ìdó sí Orin. Àwàdà rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kí wọ́n tó gbọ́ ìró ọ̀kadà. Bí òjò bá ti ń ṣú, Christiana, ìyàwó Jacob, á rántí àwọn méjèèjì.

Òjò ló kúkú dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ilé alámọ̀ tí Jacob jogún ń jò, orí bẹ́ẹ̀dì gan-an ló ń jò sí, ikọ́ ò sì jẹ́ kí ó sùn. Àwọn ọmọ fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì ránṣẹ́ pé kí wọ́n kọ́ yàrá kan sẹ́yìn ilé. Ohun tí Christiana ń tọrọ kò ju pé kí ọkọ òun sùn síbi tó gbẹ kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Bíríkìlà ni Jacob látijọ́, okùn oníkókó tó fi ń wọn igun ilé, tí àárín kókó kan sí èkejì dọ́gba, ṣì wà. Gbogbo ìpìlẹ̀ tó là láti Orin dé Ìgbólé, ọ̀nà kan náà ni: kókó mẹ́ta síhìn-ín, mẹ́rin sọ́hùn-ún, bí márùn-ún bá so orí méjèèjì pọ̀ ní ìdábùú, tí kò dẹ̀, tí kò kù, igun gún nìyẹn.

Lọ́tẹ̀ yìí, Jacob ní márùn-ún kọ́.

"Ọmọ méje ni Olúwa fún mi. Méje ni okùn ìdábùú ulé tí mo máa kú sí."

Mẹ́rin pẹ̀lú mẹ́fà, méje kò ká a. Mẹ́rin pẹ̀lú márùn-ún, méje dẹ̀. Márùn-ún pẹ̀lú márùn-ún ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i, àmọ́ igun ti pa dé díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti tó," Ọládiípọ̀ ní. "Ṣé ewúrẹ́ tó máa fara ti ògiri ló máa wọn igun ni?"

"Ilé bàbá rẹ ni mo máa kọ́ ní wíwọ́!"

"Bàbá wa kan náà ni o!"

Jacob fa èèkàn okùn tu. Òjò ń sún mọ́lé, sìmẹ́ǹtì ti ń dì nínú àpò.

Ìtùnúolúwa, ọmọ ọmọ wọn tó ń kọ́ ìṣirò ní yunifásítì ní Ìkọ̀lé, wá kí wọn. Ó wo okùn, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá àgbà, méje ò lè ṣe ìdábùú láé. Àwọn nọ́ńbà kan wà bẹ́ẹ̀: mẹ́fà, méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án. Ẹ̀gbẹ́ yòówù kí ẹ kà, tí ẹ ò bá ti gé àárín kókó, wọn ò ní í dá igun tó gún. Márùn-ún lè ṣe é, mẹ́wàá náà lè ṣe é."

"Ta ló gégùn-ún fún méje?"

"Bí Ọlọ́run ṣe dá a ni, sà."

"Kò sí ulé mọ́ nìyẹn."

Christiana, tó di orí okùn mú, jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Nílẹ̀ wọn, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Èyí tó bá sì kú, a kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn ilé yẹn gan-an, nídìí àgbálùmọ̀, ni wọ́n sin àwọn tí kò dúró sí.

"Bàbá Fúnmiláyọ̀," ó ní, "mẹ́wàá ni mo bí fún un yín."

Jacob wo ìdí àgbálùmọ̀ títí, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ìyá Fúnmi, di okùn yẹn mú dáadáa."

Mẹ́fà síhìn-ín, mẹ́jọ sọ́hùn-ún. Mẹ́wàá so wọ́n pọ̀, okùn le dan-in.

Wọ́n kan páànù kí òjò tó dé. Ikọ́ ò lọ, ṣùgbọ́n Jacob ń sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, òjò ń lu páànù kíkankíkan, Christiana gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé.

"Ṣé ó ń jò?" Jacob bi í.

"Kò jò rárá."

Ó mirí, ó kọjú sí ògiri. Nígbà tí Christiana fi máa bu ẹ̀kọ tán, Jacob ti lọ, ibùsùn rẹ̀ sì gbẹ.